Kí Sílíkóònù Tó Dé, Ifẹ̀ Ti Ń Dí Àlàfo

Sílíkóònù ni nǹkan rírọ̀ tí bíríkìlà ń fi dí àlàfo ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lóde òní. Àwọn kan sọ pé ilẹ̀ Ìráàkì ni dídí àlàfo ilé ti bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀dà dúdú ni wọ́n fi ń lẹ bíríkì mọ́ra níbẹ̀ láyé àtijọ́. Ó dáa. Ṣùgbọ́n wọ́n bá ọ̀dà nílẹ̀ ni. Ẹni tó fi iná se èròjà tirẹ̀ ni mo ń wá.

Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn baba wa a máa to àpáàdì ní òró sí àgbàlá kí òjò má sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní Ọọ̀ni Lúwo ló pàṣẹ ẹ̀, obìnrin tó jọba, tí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ ta sí aṣọ òun. (Bí ará Iléṣà bá ní tiwọn ló ṣáájú, ẹ bá mi rẹ́rìn-ín.) Amọ̀ tó bá ti jiná kì í yọ́ sómi mọ́. Kí ló wá wà láàárín àpáàdì kan sí èkejì? Lójú tèmi, kì í ṣe erùpẹ̀ lásán. Àwọn tó mọ bí a ṣe ń fi ẹbọ́tọ́ pa ilé, tí ilẹ̀ á máa dán, kò ní ṣàìfi nǹkan kan lé e.

Ẹ wá wo Igbó Olókun ní Ifẹ̀ kan náà, níbi tí Frobenius, onímọ̀ ará Jámánì, ti hú ilẹ̀ ní 1910. Láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15, wọ́n ń yọ́ gíláàsì nínú ìkòkò níbẹ̀ fún ìlẹ̀kẹ̀. Kálísíọ̀mù àti alumíníọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé àwọn onímọ̀ ń dá a mọ̀ lọ́tọ̀. Ìpìlẹ̀ gíláàsì ni sílíkọ̀nì, èròjà inú yanrìn, tó so mọ́ ọ́ksíjìn. Ìsopọ̀ yẹn gan-an ni eegun ẹ̀yìn sílíkóònù òde òní! Ta ló wá ṣáájú?

Ìyókù kò gùn. Pọ́tí tí wọ́n fi òróró pò, tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì mọ́ fèrèsé, ń le sí i bó ṣe ń fa ọ́ksíjìn, títí yóò fi sán. Otto Bayer ṣe polyurethane, èròjà mìíràn tí wọ́n ń fi dí àlàfo, ní Jámánì ní 1937, ṣùgbọ́n oòrùn ń já ìsopọ̀ kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀. Frederic Kipping, onímọ̀ kẹ́místrì ní Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ sílíkóònù lórúkọ, kò sì retí pé yóò wúlò. Eugene Rochow ní Amẹ́ríkà rí ọ̀nà tó rọrùn láti ṣe é ní 1940. Oòrùn kì í tètè rí i gbé ṣe, àmọ́ ọ̀dà ìkunlé kì í mú un.

Bíríkìlà Lágéré ní Ifẹ̀ tó bá fẹ́ fi sílíkóònù sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kó kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Èyí tó ń rùn bí fínígà, gíláàsì ló yẹ. Ásíìdì inú rẹ̀ kì í bá símẹ́ńtì rẹ́, yóò ṣí kúrò lára ògiri. Èyí tí kò ní òórùn kíkan ni kó béèrè.