Owó hosting tí ẹ ń san ò sọ pé ẹ̀dà ìkànnì yín wà ní ìpamọ́

Ẹ bi ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ìkànnì, yálà wọ́n fi ń tajà ni o, tàbí ti ilé ìwé, tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì, pé níbo ni ẹ̀dà iṣẹ́ wọn wà. Èsì tí ẹ máa gbọ́ ni pé, “Ó wà lọ́dọ̀ àwọn hosting wa. Ọdọọdún la ń sanwó fún wọn.” Wọ́n gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, òdì sì ni. Owó àyè ni owó tí wọ́n ń san: àyè tí fáìlì wọn wà lórí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì sórí íntánẹ́ẹ̀tì), iná tó ń gbé sáfà náà ṣiṣẹ́, àti ọ̀nà táwọn èèyàn ń gbà dé ibẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí fáìlì yẹn bá ṣègbé, ta ló máa dá a padà? Inú ìwé àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí láìkà ni ìdáhùn wà, ohun tó sì sábà máa ń wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀yin tí ẹ ni ín ni kí ẹ máa tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Lóru ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2021, iná sọ nínú ọgbà OVHcloud tó wà ní Strasbourg, lórílẹ̀-èdè Faransé. Ilé-iṣẹ́ yìí wà lára àwọn tó tóbi jù nídìí iṣẹ́ hosting ní Yúróòpù. Ilé tí wọ́n ń pè ní SBG2 jóná kanlẹ̀, iná sì jẹ apá kan SBG1. Kò sẹ́ni tó kú, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n Netcraft, tó máa ń ka iye ìkànnì tó wà láyé, ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.6 ìkànnì ló di àwátì lójijì. Octave Klaba tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ kọ ọ́ sórí Twitter pé kí àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣe géèmù Rust, Facepunch Studios, kéde pé ohun tó wà lórí sáfà wọn 25 ti ṣòfò, kò sì sí bí àwọn ṣe lè gbà á padà.

Ilé-iṣẹ́ Faransé mìíràn, Bati Courtage, tiẹ̀ sanwó ọ̀tọ̀ lọ́dọ̀ OVH fún backup, ìyẹn ẹ̀dà ìpamọ́. Ìgbà tí iná kú tán ni wọ́n tó mọ̀ pé ibì kan náà ni backup wà pẹ̀lú sáfà tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. Àgbẹ̀ tó bá kó iṣu jíjẹ àti ẹ̀bù tó fẹ́ gbìn sínú àká kan, bí iná bá jó àká, ebi ọdún yìí àti ti èèmíì ló bá a. Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù ìṣòwò ní Lille, nígbà tó sì di oṣù Kìíní 2023, kóòtù ní kí OVH san owó tó lé ní 100,000 yúrò fún wọn. Wọ́n jàre. Fáìlì wọn ò padà wá.

N ò sọ pé àwọn ilé-iṣẹ́ hosting kì í ṣe ẹ̀dà o. Ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe é, àwọn mìíràn a máa ṣe é lójoojúmọ́. Nítorí ara wọn ni wọ́n fi ń ṣe é, bí sáfà tiwọn bá bàjẹ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, àwọn ọ̀daràn wọlé sí sáfà CloudNordic, ilé-iṣẹ́ hosting kan ní Dẹ́ńmáàkì. Wọ́n ti gbogbo fáìlì pa, wọ́n ti backup àkọ́kọ́ àti ìkejì pa pẹ̀lú, wọ́n wá ní kí CloudNordic wá fowó rà á padà. CloudNordic ní àwọn ò lè san án, àwọn ò sì fẹ́ san án. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn oníbàárà pàdánù gbogbo ohun tí wọ́n kó síbẹ̀. Àwọn tó ní ẹ̀dà nílé nìkan ló rí nǹkan gbé dìde.

Àwọn kan á sọ pé sáfà àwọn ní dísìkì méjì, ohun tó wà lórí ọ̀kan ló wà lórí èkejì. Ìyẹn dára tí dísìkì kan bá kú. Bí ẹ bá ṣèèṣì pa nǹkan rẹ́, ó ti pa á rẹ́ lórí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Kì í kúkú ṣe iná ló ń pa ìkànnì jù lọ lọ́dọ̀ wa. Gbèsè ni, tàbí àìrí ẹni tó ṣe é. Ẹni tó bá yín ṣe ìkànnì ló fi email ara rẹ̀ ra hosting. Ó rìnrìn-àjò, ó yí nọ́ńbà padà, ìkìlọ̀ pé owó ti tó san ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ̀yin ò gbọ́. Lọ́dún 2022 tí ọ̀pọ̀ báǹkì Nàìjíríà ò gbà kí káàdì náírà sanwó òkèèrè mọ́, àwọn tó lówó lọ́wọ́ pàápàá ò rí i san. Bí àsìkò tí wọ́n fún yín bá sì kọjá, wọ́n á pa àkáǹtì náà rẹ́, tòun ti ẹ̀dà tó wà lọ́dọ̀ wọn.

Èyí tó tún ń dùn mí jù ni ti àwọn tí gbájúẹ̀ wọlé sí ìkànnì wọn. Olè náà kì í sábà ba nǹkan jẹ́ lọ́jọ́ tó wọlé. Á tọ́jú fáìlì kékeré kan síkọ̀rọ̀, á máa bá tirẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fi máa fura lẹ́yìn oṣù kan, tó sì jẹ́ pé ẹ̀dà ọjọ́ méje péré ni ilé-iṣẹ́ yín ń pa mọ́, fáìlì olè náà ti wà nínú gbogbo ẹ̀dà ọ̀hún. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀dà oṣù-oṣù fi yẹ kó wà lọ́wọ́ ẹ̀yin fúnra yín.

Bí cPanel, ojú-ìwé tí ọ̀pọ̀ hosting ń fún oníbàárà láti fi bójú tó ìkànnì rẹ̀, lẹ ń lò, ẹ wọlé, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Backup sí, kí ẹ sì tẹ Download a Full Account Backup. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó parí. Ohun tí mo ń rí tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á wọ inú public_html, ìyẹn àpò tí fáìlì ìkànnì wà, wọ́n á kó ohun tó wà níbẹ̀, wọ́n á ní ó ti tán. Kò tíì tán. Àwòrán àti kóòdù ló wà níbẹ̀. Lórí WordPress, ètò tí ọ̀pọ̀ fi ń ṣe ìkànnì, inú database, ibi tí wọ́n ń to ìsọfúnni jọ sí, ni ohun tí ẹ kọ wà, àti orúkọ àwọn oníbàárà, àti ohun tí wọ́n rà. Ẹni tó bá kó public_html láìkó database, àpótí òfìfo ló gbé lọ sílé. Ẹ tún rántí pé ẹ̀yin ò lè fi ọwọ́ ara yín dá full backup padà látinú cPanel. Àwọn hosting ló máa bá yín ṣe é. Èyí tí ẹ lè dá padà fúnra yín ni home directory (àpò tó kó gbogbo fáìlì yín pọ̀) àti database tí ẹ bá gbà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí náà ẹ gba àwọn náà.

Kí ẹ̀dà ọ̀hún pé mẹ́ta, kó wà lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan sì wà níbòmíràn pátápátá. Peter Krogh, ayafọ́tò ọmọ Amẹ́ríkà, ló gbé ìlànà yìí jáde, àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí sì ń tẹ̀ lé e títí dòní.

Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò. Lọ́jọ́ 31 oṣù Kìíní 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, ilé-iṣẹ́ tó ń bá àwọn tó ń kọ kóòdù tọ́jú iṣẹ́ wọn, ṣèèṣì pa database wọn gangan rẹ́. Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n rò pé àwọn ní láti gbà á padà, kò sí èyí tó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹ̀dà kan tí òṣìṣẹ́ náà ti fọwọ́ ṣe ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló yọ wọ́n, iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà yẹn sì lọ. Ẹ gbé ẹ̀dà yín sórí àyè mìíràn, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ojú-ìwé ṣí, bóyá àwòrán yọ, bóyá ohun tí wọ́n rà lánàá wà níbẹ̀.

Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà yín wà nínú fáìlì tí ẹ gbé sílé yìí, òfin Nàìjíríà tọdún 2023 lórí ìdáàbòbò ìsọfúnni aráàlú sì kàn yín. Ẹ fi password tì í, ẹ má sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp.