Ibodè Ọ̀dàlẹ̀ (Tower of London)

Ibodè Ọ̀dàlẹ̀, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Traitors' Gate, ni ẹnu-ọ̀nà ojú omi tó wà lábẹ́ ilé ìṣọ́ St Thomas ní Tower of London, odi àtijọ́ àwọn ọba England, létí odò Thames ní ìlú London. Orúkọ yìí máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà: ọba ni wọ́n kọ́ ọ fún, kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n.

Ọba Edward Kìíní ló kọ́ ọ láàárín 1275 sí 1279, nígbà tó ń fẹ odi náà síwájú sínú odò. Ẹnu-ọ̀nà ojú omi ti tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Bloody Tower lónìí, wá di ara inú odi, omi ò sì dé ibẹ̀ mọ́. Nínú ilé ìṣọ́ tuntun yìí ni gbọ̀ngàn àti yàrá ibùsùn ọba wà. Ibodè wà nísàlẹ̀ wọn, kí ọkọ̀ ọba lè ti orí odò wọlé tààrà. Ní ọwọ́ inú, wọ́n to òkúta tẹ̀ bí òṣùmàrè láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Fífẹ̀ rẹ̀ tó mítà 18, láìsí òpó kankan tó gbé e láàárín. Iṣẹ́ ńlá gidi ni. James Nedeham, ọ̀gá káfíńtà Ọba Henry Kẹjọ, ló ṣe iṣẹ́ igi tó wà lókè rẹ̀ ní nǹkan bí 1532.

Láyé àwọn ọba Tudor, ìdílé tó jọba England láti 1485 sí 1603, ni wọ́n ń fi ọkọ̀ kó àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn ìdìtẹ̀ kàn gba ibẹ̀ wọlé, tí orúkọ ọ̀dàlẹ̀ fi mọ́ ọn lára. Ẹni tí wọ́n bá gbé láti Westminster, níbi tí ààfin ọba wà, gbọ́dọ̀ gba abẹ́ Afárá London kọjá, ibẹ̀ sì léwu. Àwọn òpó afárá náà tóbi, wọ́n sún mọ́ra, wọ́n sé odò débi pé bí omi òkun bá ń fà, omi á máa já wálẹ̀ láàárín wọn bí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ọkọ̀ lè dojú dé. Àwọn atukọ̀ ní láti dúró de ìgbà tí omi bá kún dọ́gba.

Ọmọba Elizabeth, tó padà di Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, jàǹfààní èyí. Nígbà tí wọ́n wá mú un ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta 1554, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí òun kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n òun, Ọbabìnrin Mary. Ó kọ ọ́ títí àkókò omi fi kọjá. Ó wá fa ìlà dábùú gbogbo àyè tó ṣófo lójú ìwé kejì, kí ọ̀tá má baà fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó gbé e lọ. Ìtàn tó gbòde sọ pé Ibodè Ọ̀dàlẹ̀ ló gbà wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sọ nípa ìyá rẹ̀, Anne Boleyn, ní 1536. Ṣùgbọ́n àwọn òpìtàn kan gbà pé ẹnu-ọ̀nà tó wà ní ilé ìṣọ́ Byward ni wọ́n mú Anne gbà.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan sínú adágún ẹ̀yìn ibodè náà, tó ń fa omi lọ sínú àgbá lórí òrùlé White Tower, ilé ìṣọ́ àtijọ́ tó wà láàárín odi náà. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n yọ ẹ̀rọ náà, tí Anthony Salvin, ayàwòrán ilé, tún ilé ìṣọ́ St Thomas ṣe, tí wọ́n sì fi bíríkì dí ojú ibodè tó kọjú sí odò. Ọkọ̀ ò lè wọ ibẹ̀ mọ́. Láti Water Lane, ọ̀nà tó gba inú odi kọjá, ni àwọn àlejò ti ń wo omi àti ìlẹ̀kùn onígi náà.