Tí mọ́tò bá kú sínú omi, ẹ má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ mọ́

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ̀ ń gba Lẹ́kì, Ajah àti V.I. lọ síbi iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ tèmi kí òjò tó tún dé. Gbogbo ìgbà tí àgbàrá bá gba títì ni wọ́n máa ń tow mọ́tò wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, èyí tó máa ń dùn mí jù ni pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ́ńjìnì yẹn ì bá má bàjẹ́. Mọ́tò kú sínú omi, àyà ọ̀gá já, ó yí kọ́kọ́rọ́, kò dáhùn, ó tún yí i, ìgbà kẹta ló gbọ́ "gbà!", ẹ́ńjìnì ti lọ nìyẹn.

Ṣẹ́ ẹ rí i, atẹ́gùn ni ẹ́ńjìnì ń fà sínú, atẹ́gùn sì ṣeé fún pọ̀, omi ò ṣeé fún. Ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré, ẹ̀yìn bọ́ńpà tàbí ẹ̀gbẹ́ iná iwájú ni ẹnu tó fi ń fa atẹ́gùn wà, kò ga rárá. Tí omi bá gbabẹ̀ wọlé, tí písítínì ń gòkè bọ̀ tó pàdé ẹ̀, omi ò ní yẹ̀ fún un, conrod, ìyẹn irin tó gbé písítínì dání, ló máa tẹ̀, nígbà míì á tiẹ̀ lu bọ́lọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnì jáde. Nígbà tó kọ́kọ́ kú yẹn, ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan má tíì tẹ̀ o, kọ́kọ́rọ́ tẹ́ ẹ tún yí yẹn ló máa parí ẹ̀.

Ẹ fi gíà sí neutral, ẹ ní kí wọ́n bá yín tì í dé ibi gbígbẹ, kẹ́ ẹ yọ orí bátìrì. Mẹkáníìkì á tú plug, á fi sítátà yí ẹ́ńjìnì kí omi tú jáde, á wo ọ́ìlì, tó bá ti rí bíi tíì oní mílíìkì, ẹ dà á nù. Ṣùgbọ́n tí omi bá ti ń wọ inú mọ́tò bá yín, ẹ bọ́ sílẹ̀ kíá, ẹ fi mọ́tò sílẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó wọ omi ńkọ́? Ẹ dúró ná, kẹ́ ẹ wo mọ́tò tó tó tiyín tó ń kọjá. Omi tó bá ti tó 30 sẹ̀ǹtímítà lè gbé mọ́tò kékeré léfòó, èyí tó bá sì ń ṣàn, ẹ má wọ̀ ọ́ rárá. Lápá Erékùṣù, òjò nìkan kọ́, tí ọ̀sà bá kún, omi gọ́tà ò ní ríbi gbà, torí náà ẹ jókòó sí ọ́fíìsì, tí ọ̀sà bá fà, títì náà á fà.

Tó bá di dandan, ẹ pa AC, ẹ gba àárín títì torí gọ́tà tí wọn ò bò, ẹ fi í sí gíà kìíní, tàbí L tó bá jẹ́ ọ̀tọmátíìkì, kẹ́ ẹ máa rọra lọ láìgbé ẹsẹ̀ kúrò lórí throttle, ibi tẹ́ ẹ máa ń tẹ̀ kí mọ́tò lè sáré, kí omi má bàa gba sáílẹ́ǹsà wọlé. Ẹ má tẹ̀ lé trélà, ìgbì ẹ̀ lè bo bọ́nẹ́ẹ̀tì yín mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin oníjíìpù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sáré, omi tẹ́ ẹ̀ ń tì síwájú yẹn, ẹ́ńjìnì ẹlòmíì ló ń wọ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá ti jáde, ẹ máa tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa mú dáadáa kẹ́ ẹ tó sáré.