Ṣé lóòótọ́ ni pé àjọlò ló ń bí ìjà?

Bí ẹ bá débi tí wọ́n ti ń kọ́lé fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ lónìí, self-con ni onílé máa ní òun ń kọ́: yàrá kan, balùwẹ̀ kan, ibi ìdáná kan, kí kálukú tilẹ̀kùn mọ́rí. Wọ́n gbà pé ohun tí èèyàn bá jọ ń lò, ìjà ló ń bí. Wọ́n á rán yín létí face-me-I-face-you: ta ló da omi ìfọṣọ síwájú ilẹ̀kùn mi, ta ló ya ṣáláńgá sílẹ̀ láì fọ̀ ọ́?

Ìjà wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ́ ilé ọ̀hún. Ọ̀nà gbọọrọ kan tó ṣókùnkùn, yàrá lọ́tùn-ún lósì, ilé ìyàgbẹ́ kan ṣoṣo lẹ́yìn fún gbogbo ayálégbé. Ohun tó yẹ kó jẹ́ ti kọ́lọ́fín ni wọ́n ní kí gbogbo yín jọ máa lò, wọn ò sì fún yín níbi tí ẹni méjì lè jókòó sí.

Agbo ilé ò rí bẹ́ẹ̀. Yàrá kálukú kéré, torí oorun àti ẹrù nìkan ló wà fún. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí àkòdì, ìyẹn àgbàlá àárín ilé, ká, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ti ń dirun, tí àgbà ti ń parí ìjà. Òrùlé dà sí àárín, kí òjò lè kún ìkòkò. Ní Ifẹ̀ àtijọ́, wọ́n a máa to àpáàdì lóòró, ègé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ègé, láti fi tẹ́ ilẹ̀ àgbàlá bẹ́ẹ̀. Awalẹ̀pìtàn Peter Garlake hú irú rẹ̀ jáde níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ìtàn ìlú sì ní Ọọ̀ni Lúwoo, ọbabìnrin, ló pàṣẹ iṣẹ́ náà. Ibi tí gbogbo ilé jọ ń tẹ̀ ni wọ́n ṣe wàhálà lé lórí tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣòwò àjọlò náà ti rí i pé áàpù nìkan ò tó. Airbnb, ilé-iṣẹ́ tí onílé ń tipasẹ̀ rẹ̀ fi yàrá gba àlejò fún owó, bẹ̀rẹ̀ ní 2008. Ní 2016, wọ́n bá Go Hasegawa, ayàwòrán-ilé ará Japan, ṣe ilé igi kédárì kan. Wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní Tokyo, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Yoshino, ìlú kékeré tí èrò rẹ̀ ń dín kù. Òkè ni àlejò ń sùn. Ìsàlẹ̀ wà fún ará ìlú, ó kọjú sódò, ó sì ní pèpéle gígùn tí ẹni tó ń kọjá lè jókòó sí láì kanlẹ̀kùn. Àwọn ará ìlú ló jọ ń gba àlejò, owó rẹ̀ sì ń padà sínú ìlú.

Self-con gan-an ò kúkú bọ́ lọ́wọ́ àjọlò. Borehole kan ni, géètì kan ni, nígbà míì mítà iná kan ni. Ìjà owó epo tí wọ́n fi ń fa omi ṣì wà, orí WhatsApp ló kó lọ, níbi tí kò ti sójú tó ń wo ojú. (Mo mọ̀ pé àjọjẹ ò dùn bí ẹnì kan ò bá ní. Kò sí ilé tó lè mú ẹni tí kì í dáwó dáwó.)

Kí kálukú ní ilé ìyàgbẹ́ tirẹ̀, ìyẹn dára. Àmọ́ kí ẹ gbé ẹ̀rọ omi kúrò lẹ́yìnkùlé wá síwájú, kí ẹ bo orí rẹ̀, kí ẹ mọ pèpéle yí i ká. Onílé á ní ààyè yàrá kan ti bá a lọ nìyẹn. Kó ka iye ayálégbé tó ń kó jáde lọ́dọọdún mọ́ ọn kó tó ṣírò.