Ilé Orí Òkè ní Abuja: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Nípa Guzape, Katampe àti Mpape

Ẹni tó bá dúró lẹ́bàá Apo tó gbójú sókè yóò rí ilé alájà tó tò gun òkè Guzape lọ. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Kubwa yóò rí òmíràn ní Katampe. Lẹ́yìn òkè tó wà lẹ́yìn Maitama ni Mpape, tí òrùlé páànù ibẹ̀ fún mọ́ra gádígádí. Orí òkè ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n bí kálukú ṣe dé ibẹ̀ yàtọ̀ síra. Ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn Yorùbá tó ń wá ilẹ̀ tàbí ilé lágbègbè wọ̀nyí la dáhùn síbí.

Ṣé ó wà nínú ètò Abuja láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kí èèyàn máa gbé orí òkè?

Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni wọ́n pète ìlú náà sí. Lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ Adájọ́ Akínọlá Àgùdà mú àbá wá ní 1975 pé kí olú-ìlú kúrò ní Èkó, Òfin Kẹfà ọdún 1976 ya ilẹ̀ tó fẹ̀ tó 8,000 kìlómítà onígun mẹ́rin sọ́tọ̀ fún olú-ìlú. Ní 1979 ni International Planning Associates, ìyẹn iléeṣẹ́ mẹ́ta láti Amẹ́ríkà tó da iṣẹ́ pọ̀, parí àwòrán ìlú. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ Gwagwa ni wọ́n tẹ́ ìlú lé, wọ́n sì fi òkè ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Àpáta Aso, tí orí rẹ̀ ga tó 936 mítà sí ojú òkun, ni wọ́n dojú àárín ìlú kọ. Àwọn òkè yòókù àti ipa odò tó ń ṣàn láti ibẹ̀, igi àti koríko ni wọ́n fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀ fún, torí ibẹ̀ ni omi òjò yóò máa gbà kọjá.

Èrò ló yí ìṣirò padà. Ìjọba kó dé láti Èkó ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ní Maitama, Asokoro, Wuse àti Garki bẹ̀rẹ̀ sí í tán, àwọn tó sì fẹ́ sún mọ́ Aso Villa àti iléeṣẹ́ ìjọba kò rí ibòmíràn yà sí ju ẹ̀gbẹ́ òkè lọ. Bí wọ́n ṣe gé òkè sí pulọ́ọ̀tì lórí ìwé nìyẹn. Guzape gba nọ́ńbà A09, Katampe gba B07, Katampe Extension gba B19. Lẹ́tà A dúró fún ìpele kìíní ìlú, B fún ìpele kejì. Tí ẹ bá ti rí nọ́ńbà yìí lára ìwé ilẹ̀, ẹ ti mọ agbègbè tó wà kí ajẹ́ńtì tó la ẹnu.

Ohun tó dun ni jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìwé ṣáájú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti gba ilẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ọ̀dà, gọ́tà àti páìpù omi tó dé ọ̀dọ̀ wọn, àdúgbò mìíràn sì wà tí kò tíì rí i títí di òní. Ẹni tó yára kọ́lé gbẹ́ omi tirẹ̀, ó ṣe sókàwéè tirẹ̀, ó sì darí àgbàrá síbi tó bá ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wàhálà tí a ó sọ nísàlẹ̀ ti ṣẹ̀.

Ta ló ń gbé orí òkè náà kí ìjọba tó dé?

Àwọn Gbagyi, tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ sí Gwari. Kpaduma tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Guzape, Katampe, Mpape: orúkọ abúlé wọn ni. Láàárín ọdún 1800 sí 1900, nígbà tí àwọn ológun orí ẹṣin ń kó èèyàn lẹ́rú kiri apá yìí, òkè ni ààbò, torí ẹṣin kì í sáré lórí àpáta. Ohun tó gbé Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ náà ló gbé wọn débẹ̀.

Ní 1976, èrò ìjọba ni pé kí gbogbo ọmọ ilẹ̀ kó kúrò ní agbègbè olú-ìlú. Nígbà tí wọ́n rí iye tí yóò ná wọn, wọ́n yí ohùn padà: ẹni tí abúlé rẹ̀ kò bá tíì sí lójú iṣẹ́ lè dúró. Wọ́n kó àwọn ará Maitama àtijọ́ lọ sí Kubwa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè kù síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí abúlé fi wà láàárín ilé olówó ńlá ní Katampe àti Kpaduma. Àwọn kọ́ ló wá bá ìlú, ìlú ló wá bá wọn.

Kí ló dé tí Mpape kò fi dà bíi Maitama, nígbà tí òkè kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín?

Nítòsí Mpape ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta tí wọ́n fi ṣe ọ̀nà àti ilé nínú ìlú tuntun. Ẹni tó ń fọ́ òkúta, bíríkìlà, awakọ̀, ìyá olóúnjẹ, kò sí èyí tí owó rẹ̀ ká ilé nínú Maitama tí òun fúnra rẹ̀ ń bá wọn kọ́. Wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Gbagyi, wọ́n kọ́ yàrá, wọ́n pe ẹbí wá. Ètò ìlú kò pèsè ilé tí owó wọn ká fún irú wọn, òkè ló gbà wọ́n.

Ní 2012 ìjọba fẹ́ wó Mpape. Àwọn ará ibẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ gíga, ilé ẹjọ́ sì dá wọn láre ní 2017. Àmọ́ kí wọ́n má wó ilé ọ̀tọ̀, kí èèyàn ní ìwé ilẹ̀ ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé ní Mpape gbọ́dọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Tí baálẹ̀ abúlé bá ta ilẹ̀ fún mi tó sì fún mi níwèé ńkọ́?

Nílé, ọmọ onílẹ̀ la máa ń bá dúnàádúrà. Ní Abuja, abala 297(2) ìwé òfin 1999 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ilẹ̀ agbègbè olú-ìlú. Mínísítà tó ń bójú tó Abuja ló ń fúnni ní R of O, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀, lẹ́yìn náà C of O ọdún 99, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ náà. Ìwé baálẹ̀ kò lè rọ́pò rẹ̀. Ìwé tí Area Council, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ Abuja, fúnni pàápàá nílò kí ìjọba ṣàyẹ̀wò rẹ̀ kó sì fọwọ́ sí i kí ó tó di ojúlówó.

Ẹ mú ẹ̀dà ìwé lọ sí AGIS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Abuja, kí wọ́n bá yín wá a nínú àkọsílẹ̀. Ẹ béèrè lọ́dọ̀ Development Control, ẹ̀ka ìjọba tó ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́, bóyá ilé gbígbé ni wọ́n ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ fún, torí púpọ̀ nínú ibi tó dàgẹ̀rẹ̀ gan-an lórí òkè ló ṣì jẹ́ ti igi. Lẹ́yìn náà, kí sọ̀fiyọ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín sanwó fún gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ síbẹ̀, kó fi nọ́ńbà ara ìwé wá òkúta ààlà kọ̀ọ̀kan. Ìgbésẹ̀ tó gbẹ̀yìn yìí ni àwọn èèyàn máa ń fò, ibẹ̀ gan-an sì ni jìbìtì orí òkè wà. Koríko ti bo òkúta ààlà, ajẹ́ńtì á fi ibi tó tẹ́jú hàn yín, ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ á sì jẹ́ ti àpáta tó wà lókè.

Pulọ́ọ̀tì méjì fẹ̀ bákan náà, kí ló dé tí owó kíkọ́lé lórí ọ̀kan fi wọ́n ju ti èkejì lọ?

Ìdàgẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ lè wọ̀n ọ́n kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ wá rọ́bà tó mọ́ gaara, irú èyí tí bíríkìlà fi ń wọn lẹ́fẹ̀lì, kó gùn tó mítà 15, àti igi méjì tó ga ní mítà 3 tí ẹ ti sàmì sí. Ẹ bu omi sínú rọ́bà títí tí kò fi sí afẹ́fẹ́ kankan nínú rẹ̀, torí afẹ́fẹ́ kékeré kan lè ba ìwọ̀n jẹ́. Ẹnì kan dúró lókè, ẹnì kejì dúró ní mítà 10 sísàlẹ̀, kálukú so ẹnu rọ́bà mọ́ igi tirẹ̀. Níbi tí omi bá dúró sí lára igi ìsàlẹ̀, ẹ yọ ti òkè kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó kù ni ilẹ̀ fi rẹlẹ̀ sí. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí dé ìdí pulọ́ọ̀tì, kí ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ká ní ó fi mítà 8 rẹlẹ̀ láàárín mítà 40. Ìyẹn ni 1 nínú 5. Tí ẹ bá fẹ́ tẹ́ ojú ilẹ̀ tó gùn ní mítà 20 tó sì fẹ̀ ní mítà 15 síbẹ̀, tí ẹ sì fẹ́ gé gbogbo rẹ̀ kó bá ìsàlẹ̀ dọ́gba, kúbíìkì mítà 600 ni ẹ ó kó. Tí ẹ bá gé ìlàjì òkè tí ẹ fi kún ìlàjì ìsàlẹ̀, 150 péré ni. Ìlọ́po mẹ́rin ni ìyàtọ̀ náà, kí ẹ sì rántí pé ilẹ̀ tí wọ́n bá gbẹ́ máa ń wú, tí tipper á fi pọ̀ ju ìṣirò lọ. Tí ẹ bá tún bá àpáta pàdé, ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta máa ń gba owó wákàtí, ẹ kò sì lè kàn da bọ́ǹbù sí i láàárín àdúgbò láìgba àṣẹ.

Ọ̀nà tó dára jù lójú tiwa ni pé kí ilé tẹ̀ lé òkè: ilé tó ní àtẹ̀gùn nínú, tí pálọ̀ rẹ̀ ga ju ìsàlẹ̀ lọ ní mítà kan àbọ̀. Ẹni tó bá mú àwòrán ilé pẹ̀tẹ́lẹ̀ láti Ṣágámù wá sí Guzape yóò fi owó ilé kejì gé ilẹ̀.

Kí ló ń mú kí ògiri tó dá ilẹ̀ dúró wó, tí ilé tuntun sì ń sán?

Ìṣòro méjì ni, ẹ má pa wọ́n pọ̀.

Ti ògiri, omi ni. Ilẹ̀ gbígbẹ máa ń ti ògiri, ilẹ̀ tó mu omi yó ń tì í ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Agbára yìí kì í lọ sókè ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú gíga, ó máa ń yára jù ú lọ: tí gíga bá di ìlọ́po méjì, ìtì á di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà ògiri mítà 3 kì í ṣe ògiri mítà kan àbọ̀ méjì. Búlọ́ọ̀kù oníhò 9 ínǹṣì tí wọ́n kàn tò sókè kò lè dá mítà 3 ilẹ̀ dúró, bí wọ́n tilẹ̀ rẹ́ ẹ dáadáa. Kọnkéré onírin ló yẹ, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó ìdajì gíga rẹ̀ tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹnjiníà sì ṣírò irin rẹ̀. Ẹ fi páìpù tó fẹ̀ tó 75 mílímítà gún un já, ọ̀kan ní gbogbo mítà kan àbọ̀ sí méjì, kí ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 30 sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí omi lè rí ọ̀nà jáde. Àwọn kan máa ń fi sìmẹ́ǹtì dí ihò wọ̀nyí nígbà tí wọ́n bá ń kun ọ̀dà, torí omi ń ba ọ̀dà jẹ́. Ògiri bẹ́ẹ̀ ti di ìdídò, òjò oṣù Kẹsàn-án ni yóò dán an wò. Ẹni tó bá láyè kó gé e sí méjì, ògiri mítà kan àbọ̀ lókè, òmíràn nísàlẹ̀, kí wọ́n jìnnà síra tó mítà 3.

Ti ilé tó ń sán, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni. Ìlàjì ilé wà lórí àpáta tí kò lè mì, ìlàjì wà lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó síbẹ̀. Ti ilẹ̀ á rọra wọlẹ̀, ti àpáta á dúró, ògiri á sì la láàárín. Ẹ gbẹ́ kòtò ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àárín, ó kéré tán mítà 2, kí ẹ tó ya àwòrán ìpìlẹ̀. Ẹ má tètè dunnú sí òkúta tí ẹ bá kàn: lórí òkè wọ̀nyí, òkúta tó tó mọ́tò lè wà nínú erùpẹ̀ láìso mọ́ àpáta ìsàlẹ̀. Kí wọ́n lu ihò wọ inú rẹ̀ tó mítà 3. Tí erùpẹ̀ bá tún jáde lábẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e kúrò tàbí kí ẹ jẹ́ kí òpó kọjá rẹ̀ lọ bá àpáta gidi. Ilẹ̀ tí ẹ bá sì fi kún, sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 ni kí wọ́n máa dà lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n lù ú kí wọ́n tó da òmíràn. Èyí tí tipper kàn yí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọdún púpọ̀ ni yóò fi máa wọlẹ̀.

Ilẹ̀ mì ní Mpape ní 2018. Ṣé òkè náà fẹ́ wó ni?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án 2018 ni ó mì, wọ́n sì gbọ́ ọ dé Maitama. Kékeré ni, òkè kò wó. Ṣùgbọ́n ògiri búlọ́ọ̀kù tí kò ní òpó onírin àti àpáta tó jókòó lórí ẹ̀gbẹ́ òkè kò fẹ́ irú rẹ̀. Òpó àti bíìmù tó so ilé pọ̀ yí po wúlò fún ìdí yìí náà.

Báwo ni omi ṣe ń gun òkè, báwo ló sì ṣe ń sọ̀ kalẹ̀?

Gígùn rẹ̀ gba agbára. Gbogbo mítà 10 tí omi bá gùn gba agbára tó tó báà (bar) kan, ìyẹn ìwọ̀n ìtì omi, ìdí nìyẹn tí omi ìjọba fi lè dé ẹsẹ̀ òkè kó má dé orí rẹ̀. Bọ́ọ̀hòòlù kò dájú bíi ti pẹ̀tẹ́lẹ̀. Inú ilẹ̀ rírọ̀ tó bo àpáta àti inú ibi tí àpáta ti sán ni omi wà níbí. Níbi tí àpáta ti yọ sójú ilẹ̀, ẹ lè lu mítà 80 kí ẹ má rí nǹkan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó lu ihò, kí àdéhùn yín sì sọ ohun tí ẹ ó san tí kò bá lómi. Sókàwéè náà, ẹ gbẹ́ kòtò, ẹ bu omi kún un, ẹ padà wò ó lọ́jọ́ kejì. Tí omi bá ṣì wà níbẹ̀, àpáta kò mu ún. Ara ògiri ẹni tó wà nísàlẹ̀ yín ni yóò ti yọ.

Sísọ̀kalẹ̀ ló le jù. Òjò 50 mílímítà lórí pulọ́ọ̀tì 1,000 mítà onígun mẹ́rin jẹ́ lítà 50,000, ìyẹn táńkà ẹlẹ́gbẹ̀rún mẹ́wàá lítà márùn-ún, kí a tó ka ti ẹni tó wà lókè yín. Tí wọ́n bá ti fi kọnkéré bo gbogbo àgbàlá, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ ni yóò wá bá ẹni tó wà nísàlẹ̀. Gọ́tà tó gba ẹ̀yìn ilé kọjá kí omi òkè má bàa kan ìpìlẹ̀ pọn dandan, kí ó sì ní àtẹ̀gùn nínú láti dín ìsáré omi kù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò gbẹ́ ìdí ara rẹ̀.

Oṣù Kẹjọ tàbí Kẹsàn-án ló dára láti lọ wo ilẹ̀ orí òkè, lẹ́yìn òjò ńlá. Ẹ tẹ̀ lé ipa omi láti pulọ́ọ̀tì òkè títí dé ibi tí gọ́tà parí sí. Tó bá jẹ́ inú igbó ló parí sí, ẹ padà lọ béèrè ní AGIS ẹni tí wọ́n pín igbó náà fún, torí ọjọ́ tí onítọ̀hún bá mọ ògiri, omi náà yóò wá ọ̀nà mìíràn.